Ilé Ni À Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Ìṣàpèjúwe àti Ìpínsísọ̀rí Òkúta Àjábọ́ ALHA 81005 tí A Rí Lórí Yìnyín Àǹtákítíkà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà ṣàpèjúwe òkúta kékeré tí ó já bọ́ láti òfuurufú, àti bí wọ́n ṣe ń pín in sí ìsọ̀rí. Òkúta kan ṣoṣo ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí ni ALHA 81005, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 31.4, tí a rí lórí yìnyín Àǹtákítíkà ní ọdún 1982. A tọ ipasẹ̀ òkúta náà láti orí yìnyín títí dé ibi tí àwọn onímọ̀ ti fi ẹnu kò pé ara òṣùpá ni ó ti wá. Iṣẹ́ náà fi hàn pé àpèjúwe tí a fi sùúrù ṣe ni ìpìlẹ̀ ìsọ̀rí, àti pé ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó láti fi sọ ohunkóhun lórúkọ. Ní ìparí, a dá àbá bí olùkọ́ èdè Yorùbá ṣe lè lo ẹ̀kọ́ yìí nínú kíláàsì.

1.0 Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá fi ojú inú wo àṣà ìsọmọlórúkọ láàárín wa, a ó rí i pé ọ̀nà méjì kan wà tí ó gba àfiyèsí. Èkíní ni orúkọ àmútọ̀runwá. Ohun tí ojú rí lára ọmọ nígbà tí a bí i ni ó ń sọ orúkọ yìí: ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ jáde ni Ìgè, èyí tí ó dojú bolẹ̀ ni Àjàyí, èyí tí irun orí rẹ̀ ta kókó ni Dàda. Èkejì ni orúkọ àbísọ. Ní ti èyí, ipò tí ilé wà àti ìdílé tí ọmọ ti ṣẹ̀ wá ni à ń wò kí a tó fún un lórúkọ. Ẹni tí kò wo ara ọmọ kò lè pè é ní Dàda. Ẹni tí kò mọ ilé ọmọ kò lè sọ ọ́ ní Ọládipọ̀.

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé ọ̀nà méjèèjì yìí náà ni àwọn tí ń pín òkúta sí ìsọ̀rí ń tọ̀. Wọ́n ń wo ara òkúta, wọ́n sì ń wá ilé rẹ̀. Bí wọ́n bá fo ti àkọ́kọ́, ti ẹ̀ẹ̀kejì yóò di àsọdùn. Ìdí tí a fi yan òkúta kan péré ni pé àlàyé gbogboogbò máa ń sá fún ìṣòro, ṣùgbọ́n bí a bá tẹjú mọ́ ohun kan, a ó rí ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀. Òkúta tí a yàn kò tó ẹyin adìẹ, síbẹ̀ ó yí èrò àwọn onímọ̀ padà lórí ohun tí ó lè fi òṣùpá sílẹ̀ kí ó sì dé ilé ayé láìfọ́ túútúú.

2.0 Àlàyé lórí àwọn èdè-ìperí

Kí a tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí a la àwọn ọ̀rọ̀ kan yé ara wa. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń sá kọjá fẹ̀ẹ́rẹ̀ lójú ọ̀run lóru ni àwọn ènìyàn ń pè ní ìràwọ̀ tí ó já. Kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Ègé òkúta tàbí ekuru láti òfuurufú ni, tí ó ń gbiná bí ó ti ń fi eré burúkú wọ inú afẹ́fẹ́ ayé. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni ó ń jóná tán sí òkè. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù tí ó sì dé ilẹ̀ ni a ó máa pè ní òkúta àjábọ́ nínú iṣẹ́ yìí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè kọ́kọ́ pín òkúta àjábọ́ sí: èyí tí ó jẹ́ kìkì irin, èyí tí irin àti òkúta jọ pín in ní ìlàjì-ìlàjì, àti èyí tí ó jẹ́ òkúta ní tòótọ́. Ìsọ̀rí kẹta yìí ni ó pọ̀ jù. Òun náà tún pín sí méjì. Nínú àwọn kan, a máa ń rí hóró róbótó wínníwínní tí ọ̀pọ̀ wọn kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ aláriwo lọ. Àwọn hóró wọ̀nyí ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀, nígbà tí oòrùn àti àwọn ayé tí ń yí i po ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá. A ó pe àwọn wọ̀nyí ní òkúta oníhóró. Àwọn yòókù kò ní hóró, nítorí pé ilé tí wọ́n ti wá gbóná débi pé gbogbo rẹ̀ yọ́, ó sì tún dì. A ó pè wọ́n ní òkúta aláìníhóró.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn tún wà tí a ó lò. Èèpo iná ni awọ fẹ́lẹ́ tí ó máa ń bo òkúta àjábọ́ lára, èyí tí ó ti yọ́ tí ó sì dì bí ó ti ń bọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Òkúta àfọ́sopọ̀ ni èyí tí ó jẹ́ ègé òkúta oríṣiríṣi tí ó ti fọ́ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tún lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, bí òkúta wẹ́wẹ́ tí a pò mọ́ sìmẹ́ǹtì. Abala fẹ́lẹ́ ni ègé òkúta tí a rẹ́ tí a sì lọ̀ títí tí ó fi tín-ín-rín tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, tí ìmọ́lẹ̀ fi lè là á kọjá lábẹ́ máíkírósíkóòpù.

2.1 Òkúta àjábọ́ àti ẹdùn àrá

Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ṣaláì béèrè bóyá ohun kan náà ni òkúta àjábọ́ àti ẹdùn àrá. Kò yẹ kí olùkọ́ fi ìbéèrè yìí ṣe ẹ̀rín. Ẹdùn àrá jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ lójúbọ Ṣàngó, ipò rẹ̀ nínú ẹ̀sìn kò sì sí lábẹ́ ìdájọ́ onímọ̀ òkúta. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú àpèjúwe wo ọ̀pọ̀ ẹdùn àrá, a ó rí i pé wọ́n ní ẹnu tí a pọ́n mú, ara wọn sì dán jọ̀lọ̀ nítorí pé a lọ̀ wọ́n. Àwọn awalẹ̀pìtàn gbà pé àáké òkúta tí àwọn ará ìgbàanì fi ọwọ́ ṣe ni wọ́n. Òkúta àjábọ́ kì í ní ẹnu mímú bẹ́ẹ̀, èèpo iná ni ó sì máa ń bò ó bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ohun méjèèjì ni ènìyàn sọ pé ó ti òkè wá, ṣùgbọ́n ara wọn kò jọra.

3.0 Ohun tí ó kó òkúta àjábọ́ jọ sórí yìnyín

Òkúta àjábọ́ kò yan ibì kan láàyò. Gbogbo ilẹ̀ ayé ni ó ń já sí. Èyí tí ó bọ́ sínú òkun ti di àwátì. Èyí tí ó bọ́ sínú igbó, ewéko yóò bò ó, òjò àti ooru yóò sì mú kí irin inú rẹ̀ dógùn-ún títí tí yóò fi rún. Ní Àǹtákítíkà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ yìí wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 kìlómítà níbùú lóòró, yìnyín tí ó bò ó sì nípọn ju kìlómítà mẹ́rin lọ ní àwọn ibì kan. Òtútù àti ọ̀gbẹlẹ̀ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí òkúta tètè bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ìpamọ́ nìkan kọ́. Yìnyín náà kò dúró sójú kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ṣàn láti àárín ilẹ̀ lọ sí òkun, tòun ti àwọn òkúta tí ó ti bọ́ sínú rẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Níbi tí òkè bá ti dínà mọ́ ọn, yóò rọ́ jọ, yóò sì máa rú sókè. Atẹ́gùn líle gbígbẹ a wá máa gbá ojú yìnyín náà kúrò, a sì máa sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé ó yọ́ di omi. Yìnyín ń lọ, òkúta ń kù. Ó dà bí ìgbà tí omi iyọ̀ gbẹ nínú ìkòkò: omi ti lọ tán, iyọ̀ ni a bá nísàlẹ̀. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ojú yìnyín máa ń ní àwọ̀ aró, òkúta dúdú kan péré sì lè hàn sí ni láti ọ̀nà jíjìn.

Ọdún 1912 ni a kọ́kọ́ rí òkúta àjábọ́ kan ní Àǹtákítíkà, nígbà ìrìnàjò tí Douglas Mawson ará Ọsirélíà ṣe olórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1969 ni ojú là sí ohun tí ó wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti Japan rí òkúta mẹ́sàn-án nítòsí àwọn òkè Yamato. Bí wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n rí i pé oríṣi wọn yàtọ̀ síra. Bí òkúta kan ṣoṣo bá fọ́ lókè kí ó tó já, oríṣi kan náà ni gbogbo ègé rẹ̀ ìbá jẹ́. Nítorí náà, yìnyín ni ó kó wọn jọ láti ibi púpọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìpínsísọ̀rí ni ó tú àṣírí yìí. Ká ní wọ́n kàn ka iye òkúta náà lásán ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá má yé wọn.

Láti ọdún 1976 ni William Cassidy, ti Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ikọ̀ lọ wá òkúta wọ̀nyí. Iye tí ètò tí ó dá sílẹ̀ ti rí láti ìgbà náà lé ní 23,000.

4.0 Rírí ALHA 81005

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 1982, John Schutt àti Ian Whillans, tí wọ́n wà nínú ikọ̀ náà, rí òkúta kékeré kan lórí yìnyín ní agbègbè Allan Hills. Nínú ìlànà iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán kan òkúta, nítorí pé òógùn àti ọ̀rá ara ènìyàn lè ba ẹ̀rí jẹ́. Wọn yóò fún òkúta ní nọ́ńbà, wọn yóò ya fọ́tò rẹ̀ níbi tí ó wà, wọn yóò sì fi ohun èlò tí ó mọ́ gbé e sínú àpò tí ó mọ́. Nínú òtútù ni wọn yóò gbé e dé ilé-iṣẹ́ àjọ NASA ní Houston. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti tú u sínú afẹ́fẹ́ náítírójìn gbígbẹ, kí omi yìnyín má baà rí àyè mú irin inú rẹ̀ dógùn-ún.

Orúkọ tí òkúta náà ń jẹ́ kò sọ ohunkóhun nípa ohun tí ó jẹ́, ìyẹn sì dára. ALH dúró fún Allan Hills, ibi tí a ti rí i. 81 dúró fún sáà iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1981. 005 fi hàn pé òun ni ìkarùn-ún tí a yẹ̀ wò nínú àwọn òkúta sáà náà. Orúkọ tí kò ṣègbè ni. Ó fi àyè sílẹ̀ kí òkúta fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

5.0 Ìṣàpèjúwe òkúta náà

Ipele mẹ́ta ni a lè pín àpèjúwe rẹ̀ sí.

5.1 Ohun tí ojú lásán rí. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 31.4, ibi tí ó gùn jù lára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Èèpo iná rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣàjèjì. Dúdú ni èèpo iná ọ̀pọ̀ òkúta àjábọ́, ṣùgbọ́n ti èyí ní àwọ̀ ìyẹ̀pẹ̀ tí ó fà mọ́ àwọ̀ ewé, ó sì kún fún ihò wínníwínní bíi ti ìfòfó tí ó dì.

5.2 Ohun tí inú rẹ̀ fi hàn. Níbi tí èèpo kò bò, ara òkúta náà dúdú, ó sì fà mọ́ àwọ̀ eérú. Àwọn ègé funfun àti èyí tí ó rí bí eérú ni ó kún inú rẹ̀, etí wọn rí págunpàgun, wọn kò sì dọ́gba. Èyí ni àmì òkúta àfọ́sopọ̀. A kò rí hóró róbótó kankan nínú rẹ̀.

5.3 Ohun tí máíkírósíkóòpù fi hàn. Brian Mason, onímọ̀ òkúta ní Ilé-iṣẹ́ Smithsonian ní Washington, ni ó yẹ abala fẹ́lẹ́ rẹ̀ wò. Ó rí i pé ohun tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ègé funfun náà ni feldspar oní-kálísíọ́mù, èyí tí alumíníọ́mù pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn onímọ̀ ti ń yẹ òkúta òṣùpá wò, èyí tí àwọn arìnrìn-àjò Apollo kó bọ̀ láti ọdún 1969 sí 1972, tí gbogbo rẹ̀ tó kìlógíráàmù 382. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, Mason sọ pé díẹ̀ nínú àwọn ègé náà jọ irú èyí tí a ti ṣàpèjúwe nínú òkúta òṣùpá. Kò sọ pé òṣùpá ni òkúta náà ti wá. Ohun tí ó rí ni ó kọ, ó sì dúró níbẹ̀.

Ní èrò tiwa, gbólóhùn Mason yìí jẹ́ àwòkọ́ṣe fún ẹnikẹ́ni tí ń ṣe ìwádìí. Ọ̀rọ̀ náà “jọ” yàtọ̀ sí “ni”. Ẹni tí ó bá fi “ni” sí ibi tí “jọ” yẹ kí ó wà ti fi àbá ṣe ẹ̀rí.

6.0 Ìpínsísọ̀rí: wíwá ilé òkúta

Àpèjúwe ti sọ ohun méjì. Òkúta ni, kì í ṣe irin. Kò sì ní hóró. Ká ní ó ní hóró ni, ọ̀nà tí a ó gbà ìbá yàtọ̀. Nínú òkúta oníhóró tí ó wọ́pọ̀, iye irin inú rẹ̀ ni à ń wò láti fi í sí ìsọ̀rí H, tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, L, tí irin kéré nínú rẹ̀, tàbí LL, tí irin àti èyí tí ó wà ní ògidì nínú rẹ̀ kéré jù lọ. Lẹ́yìn èyí ni à ń fún un ní nọ́ńbà láti 3 sí 6, gẹ́gẹ́ bí ooru ilé rẹ̀ ṣe pa àwọn hóró rẹ̀ rẹ́ tó, ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà tí Van Schmus àti Wood gbé kalẹ̀ ní ọdún 1967. Èyí tí hóró rẹ̀ hàn kedere wà ní 3; èyí tí hóró rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ wà ní 6. Ó lé ní ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òkúta tí a rí nígbà tí wọ́n já tí ó bọ́ sí abẹ́ ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí.

ALHA 81005 kò bọ́ síbẹ̀. Aláìníhóró ni, ìbéèrè tí ó kù sì ni pé ọmọ ilé ta ni. Ní àkókò náà, ìdílé tí ọ̀pọ̀ òkúta aláìníhóró ti ń wá ni èyí tí a gbà pé Vesta ni ilé wọn, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ohun ràgàjì tí ń yí oòrùn po láàárín Máàsì àti Júpítà. Òkúta àfọ́sopọ̀ wà nínú ìdílé náà pẹ̀lú. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ ni bóyá Vesta tàbí òṣùpá ni. Ẹ̀rí mẹ́rin ni ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i.

(i) Alumíníọ́mù. Alumíníọ́mù tí ó so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn kó nǹkan bí ìdámẹ́rin ìwọ̀n òkúta náà. Nínú àwọn òkúta Vesta, kì í ju nǹkan bí ìdajì èyí lọ. Àwọn ilẹ̀ gíga funfun tí à ń wò lójú òṣùpá ni irú èyí ti pọ̀.

(ii) Irin àti máńgánísì. Èròjà méjèèjì yìí máa ń jọ rìn pọ̀ nígbà tí òkúta bá yọ́ tí ó sì dì, nítorí náà iye ìgbà tí irin fi ju máńgánísì lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàárín ìdílé kan. Nínú òkúta Vesta, irin fi nǹkan bí ìlọ́po 35 ju máńgánísì lọ. Nínú ti òṣùpá, ó tó nǹkan bí ìlọ́po 70. Ti òṣùpá ni ó bá ALHA 81005 mu. A lè fi èyí wé ilà ojú láyé àtijọ́, tí a fi ń mọ ẹni tí ó ti ilé aláàbàjà wá yàtọ̀ sí ẹni tí ó ti ilé onípélé wá.

(iii) Ọ́síjìn. Ẹ̀yà ọ́síjìn mẹ́ta ni ó wà, èyí ni 16, 17 àti 18, bí wọ́n sì ṣe pọ̀ sí láàárín ara wọn yàtọ̀ láti ìdílé kan sí èkejì. Bí ọ́síjìn ALHA 81005 ṣe pín kò bá ti Vesta mu, ṣùgbọ́n ó bá ti òṣùpá mu.

(iv) Afẹ́fẹ́ láti ara oòrùn. Nínú òkúta náà ni a ti rí afẹ́fẹ́ tí ó ti ara oòrùn wá. Ojú ilẹ̀ tí kò ní afẹ́fẹ́ tí yóò dáàbò bò ó nìkan ni irú rẹ̀ ti lè wọ inú erùpẹ̀, kí erùpẹ̀ náà tó lẹ̀ pọ̀ di òkúta.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ẹ̀rí kẹta. Ọ́síjìn òṣùpá àti ti ilé ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìyàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ́síjìn nìkan ni a gbára lé, ẹnì kan lè sọ pé òkúta ilé ayé lásán ni a ṣì mú. Èèpo iná àti afẹ́fẹ́ oòrùn ni ó pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́. Bákan náà, afẹ́fẹ́ oòrùn nìkan kò tó, nítorí pé ojú ilẹ̀ Vesta náà wà ní gbangba fún oòrùn. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bí ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ti ń ti ilẹ̀kùn kan ni èkejì ń ti òmíràn, títí tí ó fi ku ilé kan ṣoṣo.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1983, níbi àpérò àwọn onímọ̀ nípa òṣùpá tí ó wáyé ní Houston, àwọn ikọ̀ olùwádìí tí wọ́n ti yẹ òkúta náà wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gbé àbájáde wọn kalẹ̀. Èsì kan náà ni wọ́n mú wá: ara òṣùpá ni. ALHA 81005 ni òkúta àjábọ́ àkọ́kọ́ tí a dá mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ òṣùpá. Ìsọ̀rí rẹ̀ ní kíkún ni òkúta aláìníhóró, ti òṣùpá, àfọ́sopọ̀ láti inú erùpẹ̀ ilẹ̀ gíga tí feldspar pọ̀ nínú rẹ̀. Gbólóhùn yìí gùn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí kò ní ẹ̀rí lẹ́yìn.

7.0 Ohun tí òkúta náà kọ́ àwọn onímọ̀

Kí a tó rí òkúta yìí, iyèméjì pọ̀ lórí bóyá òkúta lè fi òṣùpá sílẹ̀ ní odidi. Ohun tí yóò bọ́ lọ́wọ́ agbára òòfà òṣùpá gbọ́dọ̀ máa sáré tó kìlómítà 2.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè jù ú bẹ́ẹ̀ ni kí òkúta ràgàjì mìíràn já lu ojú òṣùpá, ọ̀pọ̀ sì rò pé irú ìlù bẹ́ẹ̀ yóò yọ́ òkúta tàbí kí ó lọ̀ ọ́ kúnná. ALHA 81005 ni ìdáhùn: òun nìyí, kò yọ́, kò kúnná.

Kì í ṣe ẹ̀dà ohun tí Apollo ti kó wá pẹ̀lú. Pòtáṣíọ́mù, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti thorium pọ̀ lápá ibi tí àwọn arìnrìn-àjò náà dé lójú òṣùpá, ṣùgbọ́n wọ́n kéré gan-an nínú òkúta yìí. Èyí fi yé wa pé ibòmíràn lára òṣùpá ni ó ti wá, ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò dé.

Bí ilẹ̀kùn òṣùpá ti ṣí, ti Máàsì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1983 kan náà, Bogard àti Johnson kéde pé afẹ́fẹ́ tí ó há sínú EETA 79001, òkúta mìíràn láti Àǹtákítíkà, bá afẹ́fẹ́ Máàsì mu, èyí tí àwọn ọkọ̀ Viking ti wọ̀n lórí Máàsì láti ọdún 1976. Èyí kan orílẹ̀-èdè wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1962, òkúta kan tí ó tó kìlógíráàmù 18 já sínú oko àgbàdo nítòsí òkè Zagami, ní agbègbè Katsina, kò sì jìnnà sí àgbẹ̀ tí ń lé ẹyẹ kúrò lóko. Orúkọ Zagami ni ó ń jẹ́ títí di òní. Ìdílé kan náà ni òun àti EETA 79001, nítorí náà nígbà tí a mọ ilé ọ̀kan, a mọ ilé èkejì. Fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún ni òkúta Zagami fi wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ kí ẹ̀rí tó fìdí múlẹ̀ pé ọmọ Máàsì ni.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí òkúta òṣùpá mìíràn. Ní ọdún 1979, ṣáájú ALHA 81005, àwọn ará Japan ti rí Yamato 791197 lórí yìnyín. Òkúta òṣùpá ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a dá ALHA 81005 mọ̀ ni wọ́n tó mọ ohun tí ó jẹ́. Rírí nǹkan kọ́ ni mímọ̀ ọ́n.

8.0 Ìlò ẹ̀kọ́ yìí nínú kíláàsì

Ní ọdún 1970 ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí tí Babs Fafunwa jẹ́ aṣáájú nínú rẹ̀, tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ títí kan sáyẹ́ǹsì. Ètò náà fi hàn pé èdè wa tó gbangba sùn lọ́yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ni láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń fi èdè náà ṣàpèjúwe lọ́nà tí kò ní mú àṣìtúmọ̀ wá.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ń yàwòrán lọ́pọ̀ yanturu: róbótó, pẹlẹbẹ, págunpàgun, ṣákiṣàki, jọ̀lọ̀, wínníwínní, kúnná. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ ohun tí odidi gbólóhùn ìbá fi ṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà níbẹ̀: “wínníwínní” lójú ẹnì kan lè jẹ́ “kéékèèké” lójú ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ọ̀rọ̀ tí ń yàwòrán, kí ó sì fi ìwọ̀n tì í lẹ́yìn.

A dá àbá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Kí olùkọ́ kó ohun mẹ́ta wá: yangí, akọ òkúta, àti ìdàrọ́ láti ibi tí wọ́n ti yọ́ irin nígbà kan rí. Ìdàrọ́ ṣe pàtàkì, nítorí pé ó wà lára ohun tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì mú fún òkúta àjábọ́ káàkiri ayé. Lẹ́yìn náà:

(a) Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wọn òkúta tiwọn, kí wọ́n sì kọ àwọ̀, ìrísí àti bí ara rẹ̀ ti rí sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ ní ìpele yìí.
(b) Kí wọ́n wo ojú ibi tí ó ti ṣẹ́: ṣé hóró ni, àbí ègé, àbí ihò?
(d) Kí wọ́n fi òòfà kàn án, kí wọ́n sì kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.
(e) Kí ẹgbẹ́ mìíràn gba àpèjúwe náà láìrí òkúta, kí wọ́n sì gbìyànjú láti mú un jáde láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
(ẹ) Ìgbà yìí ni kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, kí wọ́n sì sọ ẹ̀rí tí wọ́n ní.

Bí ẹgbẹ́ kejì bá mú òkúta tí kì í ṣe òun, kì í ṣe ẹ̀bi òkúta. Àpèjúwe ni ó ní àbùkù, òun ni kí a padà sí. Lórí ti òòfà, kí olùkọ́ ṣàlàyé pé ó máa ń fa ọ̀pọ̀ òkúta àjábọ́ nítorí irin inú wọn, ṣùgbọ́n irin ògidì kò tó nǹkan nínú òkúta bí ALHA 81005, ó sì lè fa ìdàrọ́ tí kò ti òkè wá rárá. Ẹni tí ó bá fi òòfà nìkan ṣèdájọ́ yóò ju ọmọ òṣùpá nù, yóò sì gbé ìdàrọ́ lọ sílé.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti tọ ipasẹ̀ òkúta kan láti orí yìnyín dé inú ìsọ̀rí rẹ̀. A rí i pé àwọn tí ó rí i kò fi ọwọ́ lásán kàn án, pé orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un kò gbè sí ibì kankan, pé ẹni tí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ fi “jọ” sí ibi tí “jọ” yẹ, àti pé ẹ̀rí mẹ́rin ni ó para pọ̀ kí a tó mọ ilé rẹ̀. A tún rí i pé àwọn òkúta mìíràn ti wà lọ́wọ́ ènìyàn fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé a mọ ìdílé wọn, nítorí pé ohun tí a ó fi wé wọn kò tíì sí.

Èrò wa ni pé ìlànà yìí kò mọ sórí òkúta. Ẹni tí ń pín ọ̀rọ̀ sí ìsọ̀rí nínú gírámà, ẹni tí ń pín ewì alohùn, àti olùkọ́ tí ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun níwájú rẹ̀, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti pè ní olódo kí a tó wo ohun tí ó lè ṣe dà bí òkúta tí a jù nù lórí yìnyín nítorí pé èèpo rẹ̀ kò dúdú bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ wo ara, kí a wádìí ilé, lẹ́yìn náà ni kí a sọ ọ́ lórúkọ.